ÌLÀNÀ ILÉ TITUN ÀTI GÁRÉÈJÌ LÓRÍ ILẸ̀ KÉKERÉ NÍ ORÉGÙN

Ilẹ̀ kò pọ̀ mọ́ ní Orégùn. Ní àwọn ọdún tí ó gbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ la ìhà Agége kọjá lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, oko ni ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tí ó wà láàrin Ìkẹjà àti Agége. Kòkó, obì, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni àwọn ènìyàn ń gbìn níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé kò ṣe ju pé kí ó ṣán igbó, kí ó sì bẹ àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́wẹ̀ láti po amọ̀. Àyè gba agbo ilé, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gba ibùso ewúrẹ́, ó sì tún kù fún àwọn ọmọ láti sáré. Lẹ́yìn náà ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní àwọn ọdún 1950. A dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Ìkẹjà sì bọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, Aláùsá tí ó múlé gbe Orégùn di ibùjókòó ìjọba. Ọ̀nà ńlá tí a ń pè ní Ọ̀nà Orégùn tẹ́lẹ̀ ni Ọ̀nà Kudirat Abiola nísinsin yìí, ilé-iṣẹ́ àti ilé ìtajà sì tò sí ìhà rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tí ó bá rí ilẹ̀ rà ní àdúgbò bẹ́ẹ̀ lónìí, ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ni ó sábà máa ń jẹ́, owó tí ó sì san sí i kì í ṣe kékeré. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣi ilé rẹ̀ tò, kò ní ilẹ̀ mìíràn tí yóò fi tún àṣìṣe náà ṣe.

Òdindi púlọ́ọ̀tì ní Èkó a máa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn. Ààbọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ 60 ní 60, ó sì lè jẹ́ 30 ní 120, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó tà á bá ti gé e. Lójú ẹni tí kò wọ̀n wò, ọ̀kan náà ni méjèèjì, nítorí bí a bá sọ ìbú di ìlọ́po gígùn, iye kan náà ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ẹsẹ̀ bàtà 10 kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti 10 kúrò ní ẹ̀gbẹ́ òsì, èyí tí ó jẹ́ 30 ní ìbú kò ní ju 10 lọ mọ́ fún ilé, ilé tí ó bá sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10 kò sàn ju ọ̀nà àbákọjá lọ. Nítorí náà kí ẹni tí ó ń ra ilẹ̀ bèèrè ìrísí rẹ̀ kí ó tó bèèrè iye rẹ̀.

Àwọn mìíràn a máa bínú pé kí ni ìdí tí a fi ń fi àyè sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi òógùn wọn rà. Ìtàn ìlú Èkó ni ó dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn kòkòrò ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì ń padà wá títí di nǹkan bí ọdún 1930. Ibi tí ilé fún pọ̀ mọ́ ilé, tí oòrùn kò dé, tí pàǹtí kún inú kọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni eku rọ̀ sí, ibẹ̀ ni ikú sì ti pọ̀. Nítorí èyí ni ìjọba ṣe dá ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní ọdún 1928, kí ó lè máa wó àwọn ilé tí ó fún pọ̀, kí ó sì máa la ìlú sí púlọ́ọ̀tì tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá. Ní ọdún 1972 ni a da ìgbìmọ̀ náà pọ̀ mọ́ èyí tí ń ṣètò ilẹ̀ Ìkẹjà àti èyí tí ń ṣètò ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́. Àyè tí òfin ní kí a fi sílẹ̀ kì í ṣe ìfiṣòfò. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni, ọ̀nà àwọn panápaná ni, ọ̀nà omi òjò ni pẹ̀lú.

Lónìí, ọwọ́ àjọ LASPPPA ni onílé ti ń gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ LASBCA ni ó sì ń bẹ iṣẹ́ náà wò bí ó ti ń gòkè. Iye àyè tí wọ́n bá wí fún ojú pópó tí ilẹ̀ náà kọjú sí ni kí a tẹ̀lé. Nínú àpẹẹrẹ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ bàtà 20 ni a fi sílẹ̀ níwájú, a sì fi 10 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ní ẹ̀yìn. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn pàápàá, kí a ti mú ìwé sọ́fè ilẹ̀ náà lọ sí Aláùsá, kí a wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà nígbà kan rí, nítorí láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti jáde, ìkáwọ́ Gómìnà ni ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ wà. Àwọn tí wọ́n kọ́lé tán kí wọ́n tó bèèrè kò mọ níwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a mú agbo ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Baálé náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Aya rẹ̀ ń ta ẹ̀wà, gàrí àti ìrẹsì ní ọjà. Wọ́n bí ìbejì ọkùnrin àti ọmọbìnrin kan. Ìyá baálé sì wà pẹ̀lú wọn, ẹni tí orúnkún ń dùn. Ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì 60 ní 60 ni wọ́n rà, ojú pópó wà ní ìhà gúúsù rẹ̀. Bí a bá yọ àyè tí a ti dárúkọ kúrò, ohun tí ó kù fún ilé ni ẹsẹ̀ bàtà 40 láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn, àti 30 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé ilẹ̀, baálé ti ṣe ìpinnu tirẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Ìbejì, gáréèjì ọkọ̀ méjì ni a ó kọ́kọ́ yàn sọ́tọ̀. Èyí tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ àti èyí tí ó ń kó ọjà rẹ, bí wọ́n bá sùn síta, àwọn olè yóò tú táyà wọn lọ.”

Aya rẹ̀ dáhùn pé, “Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ ro ti ọjà mi. Nínú ogójì ẹsẹ̀ tí ẹ ní a ní yìí, mélòó ni ọkọ̀ méjì yóò gbà?”

“Mẹ́rìnlélógún.”

“Ó ku mẹ́rìndínlógún. Ǹjẹ́ níbo ni Màmá yóò sùn? Ẹ mọ̀ pé orúnkún wọn kò gba àtẹ̀gùn mọ́.”

Baálé dákẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó ra okùn, ó gé èèkàn igi, ó bu eérú sínú garawa, àwọn méjèèjì sì lọ sí orí ilẹ̀ náà. Èyí ni ó dára jù lọ nínú ohun tí wọ́n ṣe. Ọ̀pọ̀ onílé ni ó ń wo àwòrán orí ìwé tí wọ́n sì ń rò pé yàrá tóbi. Ṣùgbọ́n bí a bá fi eérú fa yàrá kan náà sí ilẹ̀, tí a sì dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, a ó mọ̀ bóyá ibùsùn àti àpótí lè jọ wọ inú rẹ̀. Wọ́n fa gáréèjì sí ilẹ̀, wọ́n wa ọkọ̀ wọ inú ìlà eérú náà, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì ní kí Màmá jáde láti ẹ̀yìn. Ọkọ̀ ilé bíi Corolla gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15, kò sì fẹ̀ tó 6 pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ́ gáréèjì ní 8 nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ kò tó 6, ojú fèrèsé ni yóò máa gbà jáde. Ẹsẹ̀ bàtà 11 nínú ògiri sí ògiri ni wọ́n rí pé ó tó fún arúgbó tí ń fi ọ̀pá rìn, àti 20 ní gígùn, kí àyè lè kù fún àpótí irinṣẹ́ àti táyà.

Ohun kan wà tí àwọn tí kò tíì kọ́lé rí máa ń gbàgbé, òun ni ìnípọn ògiri. Búlọ́ọ̀kù tí a ń lò fún ògiri tí ó ru ẹrù nípọn ní íǹṣì 9. Bí a bá ka ògiri inú ilé yìí láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn, márùn-ún ni, íǹṣì 45 sì ni gbogbo wọn, èyí tí ó súnmọ́ ẹsẹ̀ bàtà 4. Nínú 40, 36 péré ni ó kù fún ènìyàn àti ọkọ̀. Wọ́n pín in báyìí: 11 fún gáréèjì ní ìlà-oòrùn, 6 fún bálùwẹ̀, ilé ìgbẹ́ àti yàrá ẹrù ní ìwọ̀-oòrùn, 19 fún pálọ̀ àti àwọn yàrá tí ó wà láàrin. Ọkọ̀ kan ni ó wọ inú ilé. Èkejì yóò máa dúró níwájú, lórí àyè ẹsẹ̀ bàtà 20 tí òfin fi sílẹ̀, lábẹ́ òrùlé fẹ́ẹ́rẹ́ bí àjọ ìlànà bá gbà á láyè, àti lẹ́yìn géètì tí a tì.

Ẹni tí ó mọ ilẹ̀ yìí lè bèèrè pé, èéṣe tí gáréèjì kò fi sí ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti máa ń gbóná jù, kí ó lè ṣe ibòòji fún àwọn yàrá? Ìbéèrè rere ni, baálé pàápàá bèèrè rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ afẹ́fẹ́. Ní Èkó, láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, ìhà òkun, ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ní oṣù tí ó pọ̀ jù nínú ọdún. Kìkì ìgbà ọyẹ́, láti bí oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, ni ó máa ń wá láti ìhà àríwá-ìlà-oòrùn. Ohunkóhun tí ń rùn tàbí tí ń rú èéfín, bí a bá fi í sí ìwọ̀-oòrùn ilé, afẹ́fẹ́ yóò gbé e gba inú ilé kọjá. Bí ó bá wà ní ìlà-oòrùn, yóò gbé e jáde. Nítorí náà gáréèjì wà ní ìlà-oòrùn níwájú, ilé ìdáná sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ní igun àríwá-ìlà-oòrùn. Bálùwẹ̀ àti yàrá ẹrù ni ó gba oòrùn ìrọ̀lẹ́ sí ara wọn, nítorí kò sí ẹni tí ń sùn níbẹ̀, oòrùn a sì máa gbẹ ọ̀rinrin bálùwẹ̀, a máa lé wíwú kúrò lára àpò ẹ̀wà.

Ògiri gígùn ilé náà kọjú sí gúúsù àti àríwá, èyí sì dára. Oòrùn Èkó kì í dúró sí apá kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ìhà àríwá ni ó máa ń wà ní ọ̀sán gangan. Ní àwọn oṣù tí ó kù, ìhà gúúsù ni. Ṣùgbọ́n ó máa ń ga sókè tó bẹ́ẹ̀ tí òrùlé tí ó yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà 3 fi lè dáàbò bo fèrèsé ìhà méjèèjì. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń wọlé tààrà, òrùlé kò sì lè dá a dúró. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé méjì bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n má sì wà lára ògiri kan náà, kí afẹ́fẹ́ tí ó bá wọlé lè rí ibi jáde. Kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì wà lára gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ èéfín kò parí síbẹ̀, nítorí òun ni ó ń pa ènìyàn. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ń ta ènìyàn lójú bí èéfín igi. Bí a bá fà á símú, yóò gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Orí yóò kọ́kọ́ fọ́ ènìyàn, òòyì yóò kọ́ ọ, èébì yóò gbé e, oorun yóò sì gbé e lọ, ẹni tí ó bá sì sùn nínú rẹ̀ lè má jí mọ́. Báyìí ni odindi ìdílé ti ṣe sùn tí wọn kò jí, tí àwọn aládùúgbò sì ń wá ẹni tí ó fún wọn ní májèlé jẹ. Jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè tàbí nítorí òjò ni ó ṣe é. Ẹni tí ó bá rí irú àmì wọ̀nyí nínú ilé, kí ó gbé gbogbo ènìyàn síta sínú afẹ́fẹ́ kíákíá, kí ó pa ẹ̀rọ náà, kí ó sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara wọn dàbí ẹni pé ó ti ń balẹ̀.

Nítorí èyí, ògiri tí ó wà láàrin gáréèjì àti àwọn yàrá gbọ́dọ̀ gòkè títí kan òrùlé, kì í ṣe kí ó mọ sí àjà, nítorí orí àjà ni èéfín yóò gbà wọ yàrá. Kí a rẹ́ ẹ ní ìhà méjèèjì, kí a má sì ṣe ilẹ̀kùn sí i. Ìyá Ìbejì fẹ́ ilẹ̀kùn láti gáréèjì sí ilé ìdáná, kí àpò ìrẹsì lè bọ́ láti inú ọkọ̀ sínú ilé ìdáná láìfi ẹsẹ̀ kan òjò. Ó jọ ohun tí ó rọrùn. Ṣùgbọ́n epo bẹntiróòlù wà ní ìhà kan, iná ìdáná sì wà ní ìhà kejì, òórùn epo náà a sì máa rá lórí ilẹ̀ títí yóò fi bá iná. Dípò ilẹ̀kùn náà, wọ́n yọ òrùlé síta díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn, ẹni tí ó ru ẹrù yóò gba abẹ́ rẹ̀ dé ẹ̀yìn ilé. Wọ́n fi ihò afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ àti òkè ògiri gáréèjì tí ó kọjú sí ìta. Kí a má ṣe tọ́jú epo sínú kẹ́ẹ̀gì níbẹ̀ rárá. Òfìfo kẹ́ẹ̀gì tí ó ti gba epo rí kò sì yàtọ̀ sí èyí tí ó kún.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ó yẹ kí ó jìnnà sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán. Lórí ilẹ̀ yìí, kò sí igun kan lẹ́yìn ilé tí ó tó bẹ́ẹ̀. Igun iwájú ní gúúsù-ìlà-oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, nìkan ni wọ́n rí tí ó jìnnà sí fèrèsé pálọ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Gáréèjì tí kò ní fèrèsé ni ó súnmọ́ ọn. Wọ́n fi irin ká a mọ́ nítorí olè. Ṣùgbọ́n aládùúgbò wà ní ìlà-oòrùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ yóò gbé èéfín náà lọ. Kí wọ́n tó ri irin mọ́lẹ̀, baálé lọ kí i, ó sì bèèrè ibi tí fèrèsé yàrá rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá lágbára láti lo páńẹ́lì tí ń gba iná láti inú oòrùn ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí, kìkì kí ó sọ fún káfíńtà ṣáájú kí ó lè fi igi tí ó tó ru ú sí òrùlé.

Géètì wà ní ọ̀kánkán gáréèjì, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Bí géètì bá wà ní apá kan tí gáréèjì sì wà ní apá kejì, ọkọ̀ ní láti yí, ẹsẹ̀ bàtà 20 kò sì tó fún ọkọ̀ láti yí po. Kí ilẹ̀kùn géètì sì máa ṣí sínú tàbí kí ó máa fà sí ẹ̀gbẹ́, nítorí èyí tí ń ṣí síta yóò gba ojú pópó lọ́wọ́ ará ìlú.

Omi ni ó tún gba ọgbọ́n. Mítà 30, èyí tí í ṣe bí ẹsẹ̀ bàtà 100, ni a sábà máa ń fẹ́ kí ó wà láàrin kànga àti sókáwéè. Ilẹ̀ tí ó jẹ́ 60 ní 60 kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Láti igun dé igun rẹ̀ kò ju 85 lọ, sókáwéè aládùúgbò sì lè wà lẹ́yìn ògiri gan-an. Nítorí náà kànga gbígbẹ́ tí kò jìn kò yẹ níbẹ̀ fún omi mímu. Ìdílé yìí gbẹ́ omi ẹ̀rọ jíjìn tí a fi páìpù bò dáadáa sí igun gúúsù-ìwọ̀-oòrùn níwájú, sókáwéè sì wà ní igun àríwá-ìlà-oòrùn lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti jìnnà sí ara wọn jù lọ. Páìpù ìdọ̀tí láti bálùwẹ̀ ní láti rìn jìnnà kí ó tó dé ibẹ̀, bíríkìlà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó máa dà sísàlẹ̀ bí ó ti ń lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa dí. Síbẹ̀ kí wọ́n máa se omi náà kí wọ́n tó mu ún títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Omi òjò náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, òjò ńlá kan rọ̀ ní Èkó, ó sì ya wọ ilé àwọn ènìyàn tí wọn kò rò ó rí; ẹ̀mí sì bá a lọ. Omi láti àwọn àdúgbò bí Orégùn, Opẹ́bí àti Ojọ̀ta a máa wá odò Ìyá Aláró lọ. Bí a bá da kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri, bí ọ̀pọ̀ onílé ti ń ṣe nísinsin yìí nítorí ìmọ́tótó, gbogbo omi orí páànù yóò sáré jáde lẹ́ẹ̀kan náà, aládùúgbò tí ó wà nísàlẹ̀ ni yóò sì gbà á. Ibi tí táyà ọkọ̀ ń tẹ̀ nìkan ni kí a da kọnkéré sí. Kí a gbé ilẹ̀ inú ilé ga ju ojú pópó lọ, kí gọ́tà sì yí ilé ká, kí ó má sì ní ibi tí omi dúró sí, nítorí inú irú rẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí.

Àyè tí a kò da kọnkéré sí ni Màmá gbà. Ní ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn, lẹ́bàá bálùwẹ̀, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta àti ewúro, àwọn wọ̀nyí sì ń bo ògiri náà lọ́wọ́ oòrùn ìrọ̀lẹ́. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú wà lẹ́yìn ilé, wọ́n sì jìnnà sí orí sókáwéè. Mángòrò ni baálé fẹ́ gbìn, Màmá kò sì gbà fún un. Òtítọ́ ni ó sọ, nítorí gbòǹgbò igi ńlá a máa wọ abẹ́ ìpìlẹ̀ àti inú páìpù, ẹsẹ̀ bàtà 10 kò sì tó fún un. Ilé adìẹ wà ní igun àríwá-ìwọ̀-oòrùn, àwọn adìẹ mẹ́fà péré. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn aládùúgbò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Yàrá mẹ́ta ni ilẹ̀ náà gbà: ti Màmá pẹ̀lú ọmọbìnrin, tí ó súnmọ́ bálùwẹ̀ láìní àtẹ̀gùn kankan, ti baálé àti aya rẹ̀, àti èyí tí ó kéré níwájú fún àwọn ìbejì. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin náà bá dàgbà, kò ní gbà wọ́n mọ́. Bíríkìlà wí pé, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí á kọ́ ti ilẹ̀ ná, bí owó bá dé a ó gbé òkè lé e.” Ọ̀rọ̀ yìí ti pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fáájì ní Èkó, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tí ó kú. Bí a bá ní èrò pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọjọ́ tí a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni kí a ti sọ fún ẹnjiníà, kí ó yẹ ilẹ̀ wò, kí ó sì fi irin àti òpó tí ó tó sí i, kí ìwé àṣẹ sì dárúkọ rẹ̀. Ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọ́n ju ti ilé ilẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni Olúwa wa ṣe sọ nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí 14, nípa ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tí ó yẹ kí ó jókòó ṣírò owó rẹ̀ ná. Baálé yìí jókòó ṣírò, ó rí i pé owó ìpìlẹ̀ náà yóò gba owó gáréèjì. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ gáréèjì lélẹ̀ pẹ̀lú ti ilé, wọ́n sì fi ògiri àti òrùlé rẹ̀ sílẹ̀ di ọdún kejì. Ní ọdún náà ọkọ̀ méjèèjì sùn síta, wọ́n sì tú táyà kan lọ lóòótọ́.

Ní ti àkókò, kí a gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ti dáwọ́ tí ilẹ̀ sì ṣì rọ̀, kí ògiri gòkè nígbà ọyẹ́, kí a sì máa bu omi sí búlọ́ọ̀kù lára nítorí ọyẹ́ a máa gbẹ sìmẹ́ńtì kí ó tó di ara rẹ̀ mú. Kí páànù wà lórí ilé kí oṣù Kẹta tó parí. Ewúro ni kí a gbìn nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta.